Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Eyín Bá Dùn Ọmọ Yín

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo jókòó ti ìyá kan ní yàrá tí wọ́n ti ń dúró de iṣẹ́ abẹ ní ilé-ìwòsàn kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà kò tíì fẹnu kan nǹkan láti alẹ́ àná, nítorí wọn yóò fún un ní oògùn oorun kí wọ́n tó yọ eyín méje lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọ kan náà lèmi àti ìyá rẹ̀ jọ ń lọ. Òun ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun débẹ̀, torí ó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì eyín ni mí. Ó wojú mi, ó ní, “Àǹtí, ṣé kì í wá ṣe eyín tó máa bọ́ náà nìyí?”

N kò tètè rí èsì fún un. Òótọ́ ni, eyín àkọ́hù ni, ì bá bọ́ tó bá yá. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ọmọ yìí ti ń jí lóru tó ń sunkún. Ó ti pa ilé-ìwé jẹ títí olùkọ́ rẹ̀ fi kọ̀wé sílé. Kò lè fi apá òsì jẹ ẹran mọ́, kódà bí wọ́n bá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Eyín àkọ́hù náà ló sì ń di àyè mú de eyín àgbà. Bí wọ́n bá yọ ọ́ ṣáájú àsìkò, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á máa wọ́ lọ síbi tí kì í ṣe tiwọn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá yìí kì í ṣe aláìbìkítà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kí ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ la ẹnu, wọ́n wò ó, wọ́n ní kí ìyá máa bá a fọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n sì pe ẹni tó kàn. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè irú ọṣẹ ìfọyín tó ń rà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kí ọmọ má fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn tó bá fọ eyín tán. Wọn kò fi ọ̀dà fúlóráìdì kun eyín rẹ̀ rí. Nígbà tí eyín ṣì ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ìmọ̀ràn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ì bá tó o. Nígbà tó jẹrà tán, ó di ti oníṣẹ́ abẹ, ti dókítà oloògùn oorun, ti nọ́ọ̀sì mẹ́ta àti ti bẹ́ẹ̀dì ilé-ìwòsàn.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé Ìlú Ọba, láti Peckham títí dé Manchester, ìdí tí mo fi ké sí yín rèé.

Ọmọ yẹn nìkan kọ́. Nígbà tí ìjọba yẹ eyín àwọn ọmọ ọdún márùn-ún wò ní England ní 2024, ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní eyín tó jẹrà wọnú, ìyẹn ni pé ó lé ní ọmọ kan nínú márùn-ún. Ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní 2022, ìdá 35 ni ní àwọn àdúgbò tí òṣì pọ̀ sí jù, nígbà tí kò pé 14 ní àwọn àdúgbò tó rọ̀ṣọ̀mù jù. Láàárín 2023 sí 2024, ó lé ní ìgbà 30,000 tí wọ́n gba ọmọ tàbí ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogún ọdún wọ ilé-ìwòsàn láti yọ eyín tó jẹrà. Láàárín àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án, kò sí àìsàn kan tó ń gbé wọn dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé-ìwòsàn tó eyín jíjẹrà. Ẹ rántí pé àrùn tí a lè dènà pátápátá là ń sọ yìí.

A sì mọ bí a ṣe ń dènà rẹ̀. Láti 2007 ni ìjọba ti tẹ ìwé kan jáde fún gbogbo ilé ìtọ́jú eyín, Delivering Better Oral Health lorúkọ rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ kẹrin sì jáde ní 2021. Àwọn tó kọ ọ́ kò kàn kó èrò ọkàn wọn jọ. Wọ́n ṣa ìwádìí jọ láti ibi púpọ̀, wọ́n sì wọn agbára ẹ̀rí tó wà nídìí ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà níbẹ̀ kò le, kò sì wọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ eyín ọmọ ní ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá yọrí. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ọ̀kan jẹ́ ní alẹ́ kó tó sùn, kí oúnjẹ tàbí ohun mímu dídùn má sì tẹ̀ lé e mọ́. Ọmọ tí kò tíì pé mẹ́ta, ọṣẹ tó kàn ta búrọ́ọ̀ṣì lára ti tó o. Láti mẹ́ta sí mẹ́fà, kó tó hóró ẹ̀wà kékeré kan. Ẹ̀yìn tubù ọṣẹ ni wọ́n ń kọ iye fúlóráìdì sí: kó má dín sí 1,000 ppm fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, kó sì wà láàárín 1,350 sí 1,500 fún ẹni tó ti pé ọdún méje lọ sókè. Kí àgbàlagbà fọ̀ ọ́ fún ọmọ tàbí kó dúró tì í títí yóò fi pé ọdún méje, ó kéré tán. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta lọ sókè, kí ilé ìtọ́jú eyín fi ọ̀dà fúlóráìdì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ tí ewu rẹ̀ bá pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tẹsẹ̀ dúró díẹ̀ lórí ti alẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni àwa Yorùbá ti ń kọsẹ̀.

Àṣà wa kò fi ẹnu ṣeré. Láyé àwọn bàbá wa, ilẹ̀ kì í mọ́ kí pákò má tíì dé ẹnu. Orín àtà ni o, orín ìdí ni o, wọn a rún un títí yóò fi di búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kò tíì fọ ẹnu kì í kí àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹun. Àárọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí a sì ti ń ṣe é títí dòní nìyẹn, a gbé pákò sílẹ̀, a mú búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n àárọ̀ nìkan la máa ń lò ó. Ní alẹ́, ọmọ á jẹun tán, á mu tíì tàbí wàrà oníṣúgà, á sùn lọ lórí àga níwájú tẹlifíṣàn, bàbá á sì gbé e wọ yàrá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọmọ náà lóru nìyí. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò rí, tí wọ́n ń gbé ara eyín, á mú ṣúgà tó ṣẹ́kù, wọn á sọ ọ́ di omi kíkan tó ń yọ agbára ara eyín jáde díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án, itọ́ máa ń ṣan omi kíkan yìí dànù, ó sì máa ń dá ohun tó jáde padà sára eyín. Fúlóráìdì ló ń ràn án lọ́wọ́, òun ló ń mú kí ohun tó padà sára eyín le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sùn, itọ́ a dín kù, ẹnu a gbẹ. Eyín tó wọ òru pẹ̀lú ṣúgà, tí kò ní fúlóráìdì lára, ogun dé bá a láìní olùgbèjà. Ìdí rèé tí fífọ alẹ́ fi ṣe pàtàkì ju ti àárọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé èyí kò bá ohun tí ìyá wa kọ́ wa mu. Ẹ kúkú máa fọ ti àárọ̀ lọ, kẹ́ ẹ má kàn fi ti alẹ́ ṣòfò.

Ti ṣíṣan ẹnu náà tún wà níbẹ̀. Pẹ̀lú pákò, a máa ń bu omi sẹ́nu, a ó ṣan án títí yóò fi mọ́ lóló. Bí a bá wá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọṣẹ, fúlóráìdì tí a torí rẹ̀ ra ọṣẹ náà la bù dànù yẹn. Ẹ tu itọ́ ọṣẹ dànù, kó parí síbẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn àgbàlagbà tó ti ń lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín fún ogún ọdún, ẹnu sì yà wọ́n pé wọn kò gbọ́ ọ rí.

Kí ló dé tí wọn kò gbọ́ ọ? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ owó báyìí.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2006 ni NHS ní England ti ń fi ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní UDA ka iṣẹ́ dókítà eyín. Ẹni tó bá yẹ ẹnu wò, tó gba òbí nímọ̀ràn, tó sì fi ọ̀dà kun eyín ọmọ, UDA kan ló ní. Ẹni tó bá dí eyín tàbí tó yọ ọ́, mẹ́ta. Ẹni tó bá ṣe eyín àtọwọ́dá, méjìlá. Títí di òpin 2022, mẹ́ta náà ni, ì báà jẹ́ eyín kan ló dí, ì báà jẹ́ mẹ́fà. Iye UDA tí ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe lọ́dún wà nínú àdéhùn wọn. Bí wọn kò bá sì ṣe é tó, wọ́n lè gba owó padà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ bá mi ro ó. Dókítà méjì wà ní àdúgbò kan. Ọ̀kan jókòó ti ìyá ọmọ fún ogún ìṣẹ́jú, ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi bí wọ́n ṣe ń fọ eyín ẹ̀yìn hàn án, ó bi í léèrè ohun tí ọmọ ń mu kó tó sùn, ó fi ọ̀dà kun eyín. Èkejì ní kí ọmọ la ẹnu, ó wò ó, ó ní ó dìgbà. Ìwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì gbà, ṣùgbọ́n ẹni kejì ti wo èèyàn mẹ́ta sí i kí ẹni àkọ́kọ́ tó dìde. N kò pe àwọn dókítà eyín ní olè o. Mo bá wọn ṣiṣẹ́, mo mọ bí ó ṣe ń rẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó ń gbé iṣẹ́ náà síta ló yẹ ká bá wí, torí ó fi ìwé sọ pé kí wọ́n máa dènà, ó wá fi owó sọ pé kí wọ́n máa gbẹ́ eyín.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣókùnkùn sí ìjọba. Ní 2009, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jimmy Steele ṣe àbọ̀ ìwádìí fún wọn pé kí wọ́n yí ọ̀nà ìsanwó padà kí dídènà lè níye lórí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wò ní 2011, wọ́n sì pa á tì ní 2022. Ní 2023, ìgbìmọ̀ ìlera ní ilé aṣòfin tún sọ pé ipò tí ìtọ́jú eyín wà kò ṣe é tẹ́wọ́ gbà. Ìjọba tó wà lórí àlééfà báyìí ti ṣèlérí pé àwọn yóò tún àdéhùn náà ṣe látòkèdélẹ̀ kí sáà ilé aṣòfin yìí tó parí. Ìlérí ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ẹnu wọn bá ń dún létí ìjọba ni wọn yóò ro nígbà tí wọ́n bá ń kọ àdéhùn tuntun, n kò sì fẹ́ kí a jẹ́ ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò ṣe é ṣe, ẹ tọ́ka sí Scotland fún un. Níbẹ̀, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Childsmile ti sọ fífọ eyín di iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ọmọ á tò, oníkálukú á mú búrọ́ọ̀ṣì tó ní àmì tirẹ̀, olùkọ́ á bu ọṣẹ fún wọn, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á tu ú dànù. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ní 2003, àwọn ọmọ tó ń wọ kíláàsì kìíní ní Scotland tí eyín wọn kò tíì jẹrà kò tó ìdajì. Nígbà tó fi máa di 2020, wọ́n ti lé ní àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn olùṣèwádìí ṣírò owó rẹ̀: nǹkan bíi £1.8 mílíọ̀nù ni fífọ eyín ní jẹ́lé-ó-sinmi ń ná wọn lọ́dún. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń ná láti tọ́jú eyín àwọn ọmọ ọdún márùn-ún, tó jẹ́ nǹkan bíi £8.8 mílíọ̀nù ní 2001 sí 2002, ti wálẹ̀ sí £4 mílíọ̀nù nígbà tí ọdún mẹ́jọ fi pé. Wales náà ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 2009. England ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n: ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba kéde £11 mílíọ̀nù fún àwọn káńsù, kí wọ́n fi bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún fọ eyín ní àwọn àdúgbò tí nǹkan kò ti rọgbọ, kí ó lè kan ọmọ tó tó 600,000. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ọ̀pópónà kejì sí àdúgbò yẹn ńkọ́? Owó ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?

Mo fẹ́ kí a sọ òtítọ́ fúnra wa nínú ìpè yìí, torí ẹni tó bá ń fi ẹ̀rí jà kò gbọdọ̀ fi èyí tí kò bá a lára mu pamọ́. Ọ̀dà fúlóráìdì kì í ṣe idán. Ìwádìí tí àjọ Cochrane kó jọ ní 2013 fi hàn pé ó ń dín jíjẹrà kù, nǹkan bíi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún fún eyín àkọ́hù àti 43 fún eyín àgbà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Northern Ireland fún ọdún mẹ́ta, iye àwọn ọmọ tí eyín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà kò fi gbogbo ara dín sí ti àwọn yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíjẹrà ọ̀hún kò pọ̀ tó ti àwọn yẹn. Ohun tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò lè bo àṣìṣe òru 365 mọ́lẹ̀. Ilé ìtọ́jú, jẹ́lé-ó-sinmi àti ilé tiwa gbọ́dọ̀ jọ gbé e.

Ẹ̀rí kan náà ló sì ń sọ ohun tó yẹ kí a dẹ́kun. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé àìlọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti yẹ eyín wò ni ẹ̀ṣẹ̀. Ní 2020, ìwádìí kan tí wọ́n fi ọdún mẹ́rin ṣe lára àwọn àgbàlagbà fi hàn pé ẹnu ẹni tó ń lọ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà kò dára ju ti ẹni tí dókítà ń fún ní àsìkò gẹ́gẹ́ bí ewu rẹ̀ ṣe mọ. Láti 2004 ni NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún NHS, ti sọ ọ́ pé àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá lè tó ọdún méjì kó tó padà lọ. Bí ẹnu yín bá wà bẹ́ẹ̀, tí dókítà sì ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, ẹ má bínú, ẹ má rò pé wọ́n ń lé yín. Ọmọ kan tí eyín rẹ̀ ń jẹrà lọ́wọ́ ló máa jókòó sórí àga yẹn dípò yín.

Ó wá kan wa báyìí. Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kó tó pé ọdún kan. Ọ̀fẹ́ ni ní NHS fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọ̀fẹ́ náà ni fún aboyún àti fún ìyá títí ọmọ yóò fi pé ọdún kan. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn ún. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wò ó kí wọ́n ní ó dìgbà. Ẹ bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ máa fi ọ̀dà fúlóráìdì kun eyín ọmọ mi lónìí?” Ẹ ní kí wọ́n yẹ ọṣẹ tí ẹ̀ ń lò wò. Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n fi nǹkan lẹ orí eyín ńlá ẹ̀yìn tó ń hù ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, kí oúnjẹ má máa há sí i. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi. Ohun tó wà nínú ìwé tiwọn fúnra wọn lẹ̀ ń béèrè, mo sì lè sọ fún yín láti ẹ̀yìn àga yẹn pé inú ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dùn bí òbí bá béèrè.

Bí ẹ kò bá rí ilé ìtọ́jú tó máa gbà yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí ẹ pè, ibi tí ẹ pè, ohun tí wọ́n sọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023, owó ìtọ́jú eyín ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Integrated Care Board. Southwark, Lewisham, Lambeth, Greenwich, Bexley àti Bromley, tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé, abẹ́ ìgbìmọ̀ kan ni gbogbo wọn wà. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, aráàlú sì lè fi ìbéèrè ránṣẹ́ síbẹ̀. Wọ́n láṣẹ láti yọ lára owó UDA kí wọ́n fi ra iṣẹ́ ìdènà, bí àpẹẹrẹ kí nọ́ọ̀sì eyín tó ti kọ́ṣẹ́ rẹ̀ máa lọ fi ọ̀dà kun eyín àwọn ọmọ ní àárín àdúgbò. Ẹ bi wọ́n pé mélòó nínú àwọn ọmọ àgbègbè wa ló gba ọ̀dà lọ́dún tó kọjá, àti pé èló ni ẹ yà sọ́tọ̀ fún ìdènà. Bí ogún lẹ́tà bá dé lórí ọ̀rọ̀ kan náà, wọn kò ní lè ní àwọn kò gbọ́.

Káńsù náà wà níbẹ̀. Láti 2013, ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ ìdènà láàárín ìlú wà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó jẹ́ kánsílọ̀ kò kéré mọ́ ní Lọ́ńdọ̀n. Ẹ̀yin tí a dìbò fún, ẹ bi ẹ̀ka ìlera yín pé jẹ́lé-ó-sinmi mélòó ló ti bẹ̀rẹ̀, mélòó ló kù. Ní 2016, ilé iṣẹ́ ìlera gbogbogbòò ṣírò rẹ̀ pé £1 tí a bá ná sórí fífọ eyín ní jẹ́lé-ó-sinmi yóò mú £3.06 wá láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ gbé iye yẹn síwájú wọn nígbà tí wọ́n bá ní owó kò sí.

Ẹ̀yin Pásítọ̀, ẹ̀yin Àlùfáà, ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, súìtì la fi ń san ọmọ lẹ́san bó bá ka àkọ́sórí rẹ̀ yanjú. Mo ti ṣe é, mo sì ti dẹ́kun rẹ̀. Ẹ fún wọn ní pẹ́ńsù, ẹ fún wọn ní sítíkà. Níbi ọjọ́ìbí, níbi ìkómọ, omi lè wà lórí tábìlì àwọn ọmọ, kó má jẹ́ mọ́ọ̀tì àti Ribena nìkan. Bí puff-puff bá wà, kí wọ́n jẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan, dípò kí wọ́n máa mú un jẹ ní kéékèèké láti aago méjì títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Iye ìgbà tí ṣúgà ń kan eyín lóòjọ́ ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ẹ tún lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìpàdé àwọn ìyá sílẹ̀ fún ọ̀kan lára wa tó ń ṣiṣẹ́ eyín. A pọ̀ nínú ìjọ yín, ẹ kàn ní kí á dìde ni.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn ará wa tó ń tọ́jú arúgbó ní ilé ìtọ́jú. A pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Ní 2019, àjọ CQC tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ilé náà rí i pé ó lé ní ìdajì tí kò ní ìlànà kankan lórí ìtọ́jú ẹnu. Ìlànà NICE sì ti wà láti 2016 pé kí wọ́n yẹ ẹnu arúgbó wò lọ́jọ́ tó bá wọlé, kí wọ́n sì kọ bí wọn yóò ṣe máa bá a fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Bí ẹ kò bá rí i nínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín. Arúgbó tí eyín rẹ̀ ń dùn lè máà lè sọ ọ́. Oúnjẹ nìkan ni yóò kọ̀, ẹ ó sì rò pé inú ló ń bí i.

Ẹ̀yin dókítà eyín tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, èdè yín ni ọ̀rọ̀ fi ń yé àwọn èèyàn wa. Ìyá àgbà tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá ọmọ rẹ̀ tọ́mọ ni yóò fọ eyín ọmọ yẹn lálẹ́, torí ìyá ọmọ wà níbi iṣẹ́ òru. Ẹ bá a sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́.

Ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ yẹn ti pé ọdún méje. Eyín ńlá ẹ̀yìn mẹ́rin ti hù lẹ́nu rẹ̀, àwọn tí yóò máa fi jẹun títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń bá a fọ̀ ọ́ lálẹ́, kò jẹ́ kó ṣan ẹnu mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ti fi ọ̀dà kùn ún lọ́dún yìí, torí pé ìyá rẹ̀ béèrè. Lọ́la, bí ilé ìtọ́jú eyín tó wà ládùúgbò yín bá ti ṣílẹ̀kùn, ẹ pè wọ́n, kẹ́yin náà béèrè.